Èdìdì ará Bábílónì: ta ló ń lò ó, kí ni wọ́n sì ń fi í ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. London ni mò ń gbé. Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, mo kó àwọn ọmọ mi lọ sí British Museum. A rí àwọn òkúta róbótó kéékèèké kan nínú gíláàsì níbẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju àtàǹpàkò lọ. Wọ́n fín ènìyàn, ẹranko àti òrìṣà sí wọn lára, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èdìdì ni wọ́n. Ọmọ mi obìnrin ní kí ni wọ́n ń fi dì, n kò rí èsì fún un. Ṣé irú èdìdì tí Júdà fi dógò lọ́wọ́ Támárì nìyí? Ṣé àwọn ọba nìkan ló ń ní i, àbí mẹ̀kúnnù náà ń lò ó? Ẹ̀gbọ́n mi kan tún ní òun rí ibi tí wọ́n ti ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ṣé kí n ra ọ̀kan fún ọmọ yìí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ìbéèrè ọmọ yín ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló kan ojú abẹ níkòó. Ìlẹ̀kùn ni wọ́n ń fi dì. Ìkòkò òróró, àpò ọkà, agbọ̀n aṣọ, àpótí, ohunkóhun tí ẹnìkan lè yọ́ ṣí nígbà tí ẹni tó ni ín kò sí nítòsí. Wọ́n lò ó fún lẹ́tà àti ìwé àdéhùn náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ìyẹn dé. Ní abúlé kan ní àríwá Síríà, tí wọ́n ń pè ní Tell Sabi Abyad lónìí, iná jó àwọn ilé kan ní nǹkan bí ọdún 6000 ṣáájú ìbí Kristi. Iná ọ̀hún sun amọ̀ tó wà nínú wọn gan, ìdí nìyẹn tí amọ̀ náà kò fi yọ́ títí dòní. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èérún amọ̀ tó ní ojú òǹtẹ̀ lára ni àwọn awalẹ̀pìtàn kó jáde níbẹ̀. Nígbà yẹn, ó ṣì ku ohun tó lé ní 2,000 ọdún kí ẹnikẹ́ni láyé tó mọ ìwé kọ.

Èdìdì ayé Sabi Abyad, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ẹ rí ní London, tí wọ́n ń yí, nǹkan bí ọdún 3500 ṣáájú ìbí Kristi ló jáde, ní ìlú Uruk ní gúúsù ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì báyìí, àti ní Susa ní ilẹ̀ Ìráànì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ga tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5. Wọ́n máa ń lu ihò já wọn láti orí dé ìdí, kí okùn lè gba ibẹ̀ kọjá, ẹni tó ni ín á wá so ó kọ́rùn tàbí mọ́ ọrùn ọwọ́. Tí ẹ bá yí i lórí amọ̀ tútù, àwòrán ara rẹ̀ á máa jáde gbọọrọ, àfi ìgbà tí ẹ bá dáwọ́ dúró. Àǹfààní tó ní lórí èyí tí wọ́n ń tẹ̀ nìyẹn: kíá, òǹtẹ̀ ti bo gbogbo ojú amọ̀, kò sì sí àyè tí alágàbàgebè lè gé kúrò kó tún lẹ̀ padà. Nǹkan bí 3,000 ọdún ni wọ́n fi lò ó.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ti yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Wọ́n á ri èèkàn igi mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Wọ́n á fa okùn láti ara ìlẹ̀kùn wá, wọ́n á lọ́ ọ mọ́ èèkàn náà, wọ́n á bu amọ̀ tútù bo okùn àti èèkàn pọ̀, ẹni tí yàrá náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ á sì yí èdìdì rẹ̀ lórí amọ̀. Ó ti parí. Bí amọ̀ bá ti gbẹ, kò sẹ́ni tó lè tú okùn yẹn láìfọ́ ọ. Ti ìkòkò kò yàtọ̀: wọ́n á fi aṣọ tàbí awọ bo ẹnu rẹ̀, wọ́n á fi okùn dè é lọ́rùn, amọ̀ á tẹ̀ lé e, èdìdì á sì kẹ́yìn.

Amọ̀ yìí kò lágbára kankan o. Ọmọdé lè fi òkúta fọ́ ọ. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ èdìdì ni láti dènà olè kò tíì mọ ohun tó ń ṣe. Kì í dènà olè. Ńṣe ni kì í jẹ́ kí olè lè ṣe bí ẹni tí kò débẹ̀. O lè fọ́ amọ̀, ṣùgbọ́n o kò lè tún un ṣe, nítorí ọrùn ẹlòmíràn ni òkúta tó ni àwòrán yẹn wà. Mo máa ń sọ pé ọgbọ́n yìí ju ti àgádágodo lọ, torí kò ná ẹnikẹ́ni ní irin tàbí idẹ, àfi amọ̀ etí odò Tígírísì àti Yúfírétì, tó pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè lò tán lọ.

Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù lọ lórí èyí kò ti Bábílónì wá, Íjíbítì ló ti wá. Nígbà tí Howard Carter, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dé ẹnu ọ̀nà ibojì Tutankhamun ọba Íjíbítì ní oṣù kọkànlá ọdún 1922, ó rí òǹtẹ̀ àwọn olùṣọ́ ibi ìsìnkú lára ògiri tí wọ́n fi dí i: akátá tó dùbúlẹ̀ lórí ẹlẹ́wọ̀n mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ó tún rí i pé wọ́n ti dá ihò sí apá kan ògiri náà rí, wọ́n sì ti tún un dí, wọ́n tún lu òǹtẹ̀ mìíràn lé e. Bó ṣe mọ̀ nìyẹn, kó tó wọlé, pé olè ti débẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí wọ́n wá dé ọ̀dọ̀ àwọn àpótí ńláńlá oníwúrà tó yí pósí ọba ká, wọ́n bá okùn àti amọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ̀kan nínú wọn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án fún ohun tó lé ní 3,200 ọdún. Láti ibẹ̀ lọ sínú, ó dá wọn lójú pé olè kò débẹ̀. Iṣẹ́ tí èdìdì ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ohun tó ń dun àwa tí à ń ṣiṣẹ́ yìí ni pé òkúta tó rẹwà ni gbogbo ayé ń wò. Mùsíọ̀mù ń tò ó sínú gíláàsì, olówó ń rà á, bẹ́ẹ̀ sì ni òkúta fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tí wọ́n fi í ṣe. Èérún amọ̀ tí wọ́n fọ́ tí wọ́n sì jù nù ló ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ awalẹ̀pìtàn àtijọ́ kò kà á sí. Enrica Fiandra, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní kí a dojú amọ̀ wọ̀nyí délẹ̀, kí a wo ẹ̀yìn wọn. Iwájú amọ̀ ń sọ ẹni tó dì í. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ ohun tó dì. Bí ojú okùn àti ojú igi èèkàn bá wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ni. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀pá tí wọ́n hun, agbọ̀n ni. Bí ó bá jẹ́ ojú aṣọ tó ká bí ẹnu ìkòkò ṣe rí, a ti mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti so èso jù ni Arslantepe, lẹ́bàá ìlú Malatya ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ààfin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n lò ní àwọn ọgọ́rùn-ún ọdún tó ṣáájú 3000 ṣáájú ìbí Kristi. Ó lé ní 2,000 èérún amọ̀ olóǹtẹ̀ tí wọ́n rí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà ní àkójọ níbi tí wọ́n dà wọ́n nù sí. Kí ló dé tí wọn kò fi kàn fọ́ amọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn? Nítorí amọ̀ fífọ́ yẹn gan-an ni ìwé ìṣirò wọn. Gbogbo ìgbà tí ẹni tó wà nídìí ẹrù bá ṣí ìkòkò tàbí ilẹ̀kùn láti fún òṣìṣẹ́ lóúnjẹ, ó ń tọ́jú amọ̀ tó fọ́ náà. Nígbà tó bá yá, wọ́n á jókòó, wọ́n á kà wọ́n: ti lágbájá mélòó, ti tàmẹ̀dù mélòó. Tí ìṣirò bá ti bára mu, wọ́n á dà wọ́n nù. Kò sí ẹni tó ń kọ̀wé ní Arslantepe nígbà náà, síbẹ̀ akápò wà, àyẹ̀wò owó wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ ọba àti mẹ̀kúnnù. Ọba àti ayaba lò ó dájú. Nígbà tí Leonard Woolley ń wa ilẹ̀ ní ìlú Uri (ìyẹn Uri ti Ábúráhámù) láàárín ọdún 1922 sí 1934, ó bá òkú obìnrin kan tí wọ́n fi wúrà àti ìlẹ̀kẹ̀ sin ní nǹkan bí ọdún 2500 ṣáájú ìbí Kristi. Èdìdì mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀, Puabi, àti oyè rẹ̀ wà lára ọ̀kan. Kò sí orúkọ ọkọ kankan níbẹ̀, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù lára òkúta yẹn nìyẹn: obìnrin yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni dúró fún òun.

Ṣùgbọ́n ní ìlú Uri yìí kan náà, wọ́n rí èdìdì onídìrí. Onídìrí Enheduanna ni, ọmọbìnrin ọba Sargon ti Akkad, tó jẹ́ olórí àlùfáà òrìṣà òṣùpá ní nǹkan bí ọdún 2300 ṣáájú ìbí Kristi. Wọ́n kọ orúkọ onídìrí yìí sára èdìdì rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìránṣẹ́ ta ni. Akọ̀wé Enheduanna náà ní tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di bí ọdún 2100 sí 2000, lábẹ́ àwọn ọba Uri, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé amọ̀ kéékèèké ló wà tó jẹ́ pé rìsíìtì lásán ni wọ́n: ọkà báyìí, àgùntàn báyìí, ọtí báyìí, lágbájá ló gbà á. Ẹni tó gbà á á yí èdìdì rẹ̀ sí i, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ti di tirẹ̀, kò lè sọ lọ́la pé òun kò rí i. Àlùfáà ń yí i, darandaran ń yí i, oníṣòwò ń yí i. Herodotus, ará Gíríìkì, kọ ọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi pé gbogbo ọkùnrin Bábílónì ló ní èdìdì àti ọ̀pá tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí lórí. Bóyá ó fi díẹ̀ kún un, bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òtítọ́.

Ibi tí olówó àti tálákà ti yàtọ̀ ni ara òkúta. Tálákà á lo òkúta ẹfun, ìkarahun tàbí egungun. Ẹni tó bá rọ́wọ́ họrí á wá òkúta aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní lapis lazuli, tó jẹ́ pé orí òkè Badakhshan ní Afganísítàánì ni wọ́n ti ń wà á, tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á rù ú gba ọ̀nà tó lé ní 2,000 kìlómítà kó tó dé Uri. Ní ayé Hammurabi ọba Bábílónì, òkúta dúdú tó wúwo bí irin, hematite, ló gbòde. Àwọn kan gbà pé agbára wà nínú òkúta yìí tàbí tọ̀hún, pé ó ń lé ibi, ó ń mú ojú rere wá. Nígbà tí àwọn Kassite ń jọba ní Bábílónì, àdúrà gígùn sí òrìṣà ni wọ́n ń kọ sára ọ̀pọ̀ èdìdì, àwòrán wá kéré.

Ẹni tó ń fín in ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Purkullu ni àwọn ará Bábílónì ń pè é. Ó ń fi ọrun yí ìlu tó fi ń dá ihò, ó ń fi idẹ àti òkúta ṣóńṣó họ ọ́, iyanrìn ló sì ń bá a jẹ òkúta líle. Gbogbo rẹ̀ lódìkejì: ohun tó fẹ́ kó wà lọ́tùn-ún lórí amọ̀, òsì ló máa fín in sí, ohun tó fẹ́ kó yọ síta, inú ló máa gbẹ́ ẹ lọ. Tí ẹ bá padà lọ sí British Museum, ẹ bá mi wá èdìdì Adda, akọ̀wé kan tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 2300 ṣáájú ìbí Kristi. Gíga rẹ̀ kò pé sẹ̀ǹtímítà 4. Síbẹ̀, Ishtar òrìṣà ìfẹ́ àti ogun wà níbẹ̀ tòun ti ìyẹ́ àti ohun ìjà léjìká, Shamash òrìṣà oòrùn ń fi ayùn gé òkè kó lè yọ, Ea òrìṣà omi dúró, omi ń ti èjìká rẹ̀ ṣàn, ẹja sì ń wẹ̀ nínú omi náà. Lẹ́yìn Ea ni ìránṣẹ́ rẹ̀ wà, ó ní ojú méjì, ọ̀kan ń wo iwájú, èkejì ń wo ẹ̀yìn. Kìnnìún kan wà níbẹ̀, orúkọ Adda àti iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú àpótí kékeré lápá kan. Kì í ṣe ọba ló ni ín. Akọ̀wé ni.

Ìwé àdéhùn ló kù. Amọ̀ ni ìwé, amọ̀ náà ni àpòòwé. Tí wọ́n bá kọ gbèsè tàbí ilẹ̀ títà sórí wàláà amọ̀, wọ́n á fi amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn bò ó yíká, wọ́n á tún kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ẹ̀yìn rẹ̀, onígbèsè àti àwọn ẹlẹ́rìí á sì yí èdìdì wọn sí i. Tí ẹnìkan bá lọ fi omi pa nọ́ńbà tó wà níta dà, adájọ́ á fọ́ àpòòwé, á ka ti inú. Ní Kanesh, ní ilẹ̀ Tọ́kì, wọ́n ti rí ohun tó lé ní 20,000 irú wàláà yìí, ọ̀pọ̀ jù lọ láti nǹkan bí ọdún 1900 sí 1800 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn oníṣòwò tó ti Ashur wá ló ni wọ́n. Àwọn ìyàwó wọn tó wà nílé ń hun aṣọ, wọ́n ń dì í, wọ́n ń fi èdìdì dí i, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á gbé e lọ, wọ́n á sì fi lẹ́tà tẹ̀ lé e tí wọ́n fi ń bá ọkọ jà pé owó tó ń fi ránṣẹ́ kò tó. Nígbà tí onígbèsè bá san án tán, wọ́n á dá wàláà rẹ̀ padà fún un, gbèsè náà ti kú nìyẹn.

Ẹni tí kò ní èdìdì ńkọ́? Èékánná. Ó máa fi èékánná rẹ̀ tẹ amọ̀, akọ̀wé á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé èékánná lágbájá rèé dípò èdìdì rẹ̀. Àwọn mìíràn á fi etí aṣọ wọn tẹ̀ ẹ́. Títẹ̀ka tí àwọn ìyá wa ń tẹ̀ka ní báńkì kò jìnnà sí i.

Tí èdìdì bá sì sọnù, wàhálà dé. Ìwé amọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ akọ̀wé máa ń dà kọ, ó sọ̀rọ̀ oníṣòwò kan tí èdìdì rẹ̀ sọnù. Ìgbìmọ̀ ìlú rán akéde jáde, ó fun fèrè kiri gbogbo àdúgbò, kí gbogbo ayé lè gbọ́ pé láti òní lọ, gbèsè tó bá jáde pẹ̀lú èdìdì yẹn kì í ṣe ti oníṣòwò náà mọ́. Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ yìí fi yé wa: bí wọn kò bá kéde, ó máa san án.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Júdà. Jẹ́nẹ́sísì orí 38 sọ pé ohun mẹ́ta ni Támárì gbà lọ́wọ́ rẹ̀: èdìdì rẹ̀, okùn rẹ̀, àti ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Ó bá ohun tí Herodotus sọ nípa àwọn ará Bábílónì mu, okùn sì fi hàn pé ó ń so ó kọ́ ara ni. Bíbélì kò sọ bóyá èyí tí wọ́n ń yí ni tàbí èyí tí wọ́n ń tẹ̀. Àwọn méjèèjì wà ní ilẹ̀ Kénáánì, nítorí Bábílónì wà lápá kan, Íjíbítì sì wà lápá kejì pẹ̀lú èdìdì tiwọn tí wọ́n gbẹ́ bí yímíyímí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n Támárì ló yẹ ká wò. Ewúrẹ́ ni Júdà ṣèlérí. Támárì kò gba wúrà dógò, kò gba aṣọ. Ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin yẹn kò lè sẹ́ ló gbà. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n lọ dáná sun ún, ó kàn fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n wò ó, ta ló ni èdìdì yìí? Ẹnu Júdà wọhò.

Èdìdì tí wọ́n ń yí kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí amọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi yíǹkì kọ èdè Árámáíkì sórí awọ àti pápírọ́ọ̀sì (ìwé tí wọ́n ń fi koríko etí omi ṣe), wọ́n ń ká a, wọ́n ń fi okùn dè é, amọ̀ bíńtín lórí okùn náà kò sì gba yíyí, àfi títẹ̀. Bí wọ́n ṣe padà sí èyí tí wọ́n ń tẹ̀ nìyẹn.

Ní ti rírà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, nígbà ogun, wọ́n jí nǹkan bí 5,000 irú èdìdì yìí kó nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ mùsíọ̀mù ìlú Baghdad nìkan. Àpò ṣòkòtò kan lè kó ogún nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ni a kò tíì rí padà, ká má tíì sọ èyí tí àwọn afọ́bojì ń wú lóru. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe ní ọdún 2003 yẹn sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ní ohun àtijọ́ Ìráàkì lọ́wọ́, bí wọ́n bá ti mú un jáde lọ́nà àìtọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1990, àfi tí ẹ bá lè fi hàn pé ẹ kò mọ̀, ẹ kò sì nídìí láti fura. Ẹni tó ń tà á ní owó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú méjì ni: ayédèrú ló ń tà, tàbí ohun tí wọ́n jí. Bí ó bá sọ pé ohun ìní bàbá àgbà òun ni, ẹ ní kó fi ìwé hàn yín.

Fún ọmọ yìí, ẹ ra amọ̀ tí kì í béèrè iná, èyí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò. Ẹ ká a róbótó bí ìka, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò já a, kó sì fi abẹ́rẹ́ fín ohun tó bá wù ú sí i kó tó gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, kó yí i lórí plasticine. Tí ó bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀, ẹ ní kó kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí bébà, kó gbé e síwájú dígí, kó wá fín ohun tó bá rí nínú dígí.